Irin Tí Morónkẹ́ Gbẹ́ Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

"Màmá Bùkọ́lá, bí èèyàn bá gbẹ́ lára irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ṣé máṣíìnì ò ní fúyẹ́ lẹ́sẹ̀?"

Akínwùmí ọlọ́kadà ló bi Morónkẹ́ ní ìbéèrè yìí, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà ní Àrámọkọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé irin ríbítí kan dání bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún. Irin náà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì. Inú ẹ́ńjìnnì máṣíìnì ló ń gbé, lápá òsì, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́, òun náà á máa yí, kò gbọdọ̀ sinmi.

Morónkẹ́ kì í ṣe obìnrin tí í dáni lóhùn kíákíá. Ọgọ́ta ọdún rẹ̀ ku méjì. Ní Ìjerò, níbi tí wọ́n bí i sí, alágbẹ̀dẹ ni Ògúndayọ̀ bàbá rẹ̀, Ògún ni wọ́n sì ń bọ nílé wọn. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin gbá òòlù mú níbẹ̀, ẹwìrì nìkan ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́. Fásanmí ọkọ rẹ̀ ló ra ẹ̀rọ ńlá tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè bẹ ẹ́. Nígbà tí Fásanmí kú, gbogbo àdúgbò rò pé opó yóò ta ẹ̀rọ náà. Kò tà á. Ó ṣa àwọn bóòtù tó ti kán jọ, ó ń fi wọ́n kọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń bà wọ́n jẹ́, ó tún ń mú òmíràn, títí ọwọ́ fi mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹnu sọ fún un. Ó ti di ọdún mọ́kànlá. Láti Ìdó-Ilé títí dé Ijurin, àwọn ọkùnrin tó ti rẹ́rìn-ín nígbà náà ń gbé irin wá bá a.

"Gbé e síbẹ̀," ló wí nígbà tó yá. "Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ọmọ kan ní Adó ni. Ó ní ìdajì agbára ẹ́ńjìnnì ń ṣòfò lórí yíyí irin tó sanra. Ó ní tiẹ̀, òun ti gbẹ́ ẹ, bí òun bá kàn fọwọ́ kan tọ́tù tí wọ́n fi ń fún un lépo báyìí, ó ti dún dé òkè."

"Ó ń dún. Ṣé ó ń lọ?"

Akínwùmí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni, ó ga, ó sì ní sùúrù.

"Gbọ́," ni Morónkẹ́ wí. "Ẹ́ńjìnnì kì í tì ọ́ lọ bí ẹ̀fúùfù. Ńṣe ló ń ta ọ́ nípàá, tó ń sinmi, tó tún ń ta ọ́ nípàá. Láàárín ìtapá kan sí èkejì, irin yìí ló ń gbé ọ lọ. Irin tó wúwo máa ń pẹ́ kó tó gbéra. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbéra tán, kì í tètè dúró. Bí mo bá gbẹ́ ẹ, wàá tètè gbéra lóòótọ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nígbà tó o bá dé òkè, tó o tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì á kú mọ́ ọ nídìí."

"Màmá, òkè yẹn gan-an ni wàhálà mi. Àwọn ọmọ tó ń gun tuntun ń kọjá mi lọ́nà Ẹ̀fọ̀n bíi pé mo dúró. Tíṣà Bísí tí mo máa ń gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣé ẹ mọ ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé? Ó ní tó bá jẹ́ òun fẹsẹ̀ rìn ni, òun ì bá ti kọ́ kíláàsì méjì kí n tó dé."

"Ẹnu Bísí mú. Ṣùgbọ́n mi ò ní gé irin yìí."

Akínwùmí kò bẹ̀bẹ̀. Bó bá bẹ̀bẹ̀ ni, Morónkẹ́ ì bá tún kọ̀ fún un. Ó kàn gbé irin rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, Màmá. Ẹ kú uṣẹ́," ó sì yíjú pa dà.

Ẹ̀yìn rẹ̀ tí Morónkẹ́ rí yẹn ló mú un. Ẹ̀yìn yẹn ló gbé Bùkọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìrọbí mú Bùkọ́lá ní Erijiyan ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò gba afárá lọ, ọkọ̀ kankan kò sì lè kọjá. Akínwùmí ló fi ọ̀já so ó mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni pọn ọmọ, tó fi máṣíìnì gba inú oko kòkó, gba inú omi tó mu ún dé orúnkún, títí ó fi gbé e dé ọsibítù. Ìyá yè, ọmọ yè. Nígbà tí Morónkẹ́ gbé owó fún un, kò gbà. Kò tiẹ̀ gba owó epo. Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan wà lọ́rùn Morónkẹ́ tí kò rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí, ìyà sì ni gbèsè jẹ́ fún ẹni tí kì í jẹ gbèsè.

"Akínwùmí, padà wá."

Ó padà wá.

"Ṣé èyí tó bá máṣíìnì wá ni? Ṣé o ò tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí?"

"Òun náà ni, Màmá."

Morónkẹ́ fi okùn so irin náà rọ̀ mọ́ igi àjà, ó fi òòlù kékeré kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yẹ irin wò nílé bàbá rẹ̀: irin tó la iná kọjá, tí wọ́n lù dáadáa, a máa dún bí agogo, irin tí wọ́n kàn dà bí omi sínú ihò, ohùn rẹ̀ a kú. Èyí dún kú, ohùn rẹ̀ kò sì lọ jìnnà. Ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òkúta mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ lè pa ohùn mọ́ ọn lẹ́nu, ìyẹn ló sì sọ fún ara rẹ̀. Ẹni tó ti fẹ́ san gbèsè kì í tẹ́tí fún ohun tí yóò dá a dúró.

Ó dè é mọ́ ẹ̀rọ. Ó da epo sí ojú ọ̀bẹ. Àṣà kan sì wà nílé Ògúndayọ̀, tí Morónkẹ́ gbé wá láti Ìjerò, tí kò tíì dá a dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi: èérún irin tó bá bọ́ lónìí, ti Ògún ni títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́. Wọ́n á ti fi màrìwò bo ibi tí yóò bọ́ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ṣí i, ẹnikẹ́ni kì í gbá a. Láàárọ̀ ni wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á wá kó o. Fásanmí, ọmọ Áńgílíkà, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀, pé ìyàwó òun ń tọ́jú oúnjẹ alẹ́ fún irin.

Báyìí ni Morónkẹ́ ṣe gbẹ́ irin Akínwùmí tí kò wo ohun tó ń bọ́ lára rẹ̀. Ó bẹ etí rẹ̀ yípo, ó bẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ kúrò. Akínwùmí gbà á, ó jù ú sókè díẹ̀ ó sì hán an, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mẹkáníìkì ti bá a fi í padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Morónkẹ́ wọ́n omi sí màrìwò, ó ká a kúrò, ó sì mú ọwọ̀.

Irin gidi, tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ bá ń bẹ ẹ́, a máa jáde ní kíká, gígùn, bí èèpo ọsàn tí èèyàn fara balẹ̀ bó láìjá. Ó ti gbá irú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ó máa ń kọ́ ọwọ̀ lẹ́sẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ lówùúrọ̀ yìí kò ká. Kò gùn. Dúdú ni, ó rí wóró-wóró, bíi gaàrí tí wọ́n da epo sí.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò rin ín. Ó rún.

Irin dídà ni. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ńlá, tí wọ́n fi ń ṣe ojú ẹ̀rọ ìlọta. Irin dídà lágbára bó bá nípọn. Bó bá ti fẹ́lẹ́, ó di àwo. Òun Morónkẹ́ sì ti sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ti fi lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ kó lọ fi yí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọwọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ní Ìjerò, òkúta ìpọ́nrin kan fọ́ lórí ìyípo lójú rẹ̀. Kò dún bí ìbọn, bí àwọn èèyàn ti máa ń sọ. Ó kàn ṣe pà, bí ìgbà tí igbá já lulẹ̀. Ọkùnrin tó ń lo òkúta náà yíjú sí i bí ẹni fẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Mágínẹ́ẹ̀tì Akínwùmí, ẹ̀gbẹ́ ojúgun òsì rẹ̀ ló ń gbé. Ìdérí tó bò ó kò nípọn ju àwo ìjẹun lọ.

Ó pe fóònù Akínwùmí. Modúpẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló gbé e nílé wọn ní Erijiyan.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ó gbàgbé fóònù sórí ṣájà. Ìdùnnú ò jẹ́ kó rántí nǹkan kan. Ó ní máṣíìnì òun ti di ẹyẹ."

"Ibo ló lọ?"

"Ó gbé Tíṣà Bísí lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Wọn ò tíì pẹ́. Ṣé kò sí o?"

Morónkẹ́ ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbóná, ṣùgbọ́n kí ni obìnrin tó wà ní Erijiyan fẹ́ fi í ṣe yàtọ̀ sí kó máa sunkún?

"Kò sí," ló wí. "Bó bá dé, kó má tan máṣíìnì yẹn mọ́. Kó kàn má tàn án."

Ó pa fóònù kí Modúpẹ́ má baà bi í sí i. Ó kó òòlù, sípánà àti irin tí wọ́n fi ń fa mágínẹ́ẹ̀tì yọ sínú àpò, ó sì sáré lọ sí ilé kejì, lọ́dọ̀ Alàgbà Ọláìtán, ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ti gbó. Alàgbà náà jókòó ti àwo ẹ̀wà.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sọ́nà Ẹ̀fọ̀n. Ẹ dìde báyìí."

"Ìyá Bùkọ́lá, mi ò tíì jẹun."

"Bí a bá dé, ẹ ó jẹ ìlọ́po méjì."

Ó wo ojú rẹ̀, ó gbé àwo sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ náà wúkọ́ kó tó dìde. Bí wọ́n ti jáde sójú títì ni Alàgbà sọ fún un pé, "Ẹ gbọ́, ọkọ̀ yìí kì í kọjá ogójì. Bó bá kọjá ogójì, ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ yín yóò ṣí fúnra rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó kọjá. Èmi ó dì í mú."

Ó dì í mú lóòótọ́. Ó na apá jáde lójú fèrèsé, ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ra láti ìta, afẹ́fẹ́ ń gba gèlè rẹ̀.

"Ta la ń lé?"

"Akínwùmí."

"Ó jẹ yín lówó ni?"

"Rárá. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

"Ẹni tó jẹ gbèsè ló ń lé ẹni tó jẹ ní gbèsè? Mo ti dàgbà o, mi ò rí irú rẹ̀ rí."

Ojú Morónkẹ́ wà ní kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Gbogbo aṣọ tó bá rí lórí igbó, bàtà ọmọdé tí ẹnì kan sọ nù, ike epo tó dojú délẹ̀, àyà rẹ̀ á ti já kó tó rí i pé kì í ṣe nǹkan kan. Ó ń wá ẹ̀jẹ̀ lójú títì, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kóun má rí i. Ó fẹ́ gbàdúrà gidi, ọ̀rọ̀ kò tò. "Ẹsẹ̀ rẹ̀," ló ń wí ṣáá nínú ara rẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ̀."

Níbi kọ́nà kan, èèyàn pé jọ. Àwọn kan gbé ọwọ́ lérí. Morónkẹ́ jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu.

"Ẹ rọra, Ìyá Bùkọ́lá! Ẹ fẹ́ já bọ́ ni?"

Ọkọ̀ pákó ló ya lulẹ̀ níbẹ̀. Pákó nìkan ló fara pa. Ọmọbìnrin kan ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun fún àwọn tó dúró wòran.

"Ẹ rí ọlọ́kadà kan tó gbé tíṣà obìnrin?" ni Alàgbà bi wọ́n.

"Èyí tí máṣíìnì rẹ̀ ń ké bí ẹran tí wọ́n so?" ni ọkùnrin kan dáhùn. "Ó ti kọjá. Á ti máa gun òkè báyìí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà. Morónkẹ́ gbọ́ máṣíìnì náà kó tó rí i. Igbe rẹ̀ ń bọ̀ lókè láàárín igi, ó lọ sókè, ó rọlẹ̀, ó tún lọ sókè, tínrín, bí ohun tí kò ní ẹrù lára rárá. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bó ti wí lánàá náà ló rí: òkè ti pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn nídìí, ọkùnrin náà sì ń fún un ní tọ́tù dé òpin kó má baà tún kú. Kò sí ohun tó burú jù ú lọ tó lè ṣe.

Wọ́n yọ sí wọn. Akínwùmí jókòó lórí máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìdérí náà pẹ́kípẹ́kí. Bísí dúró lókèèrè díẹ̀, àpò ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ wá wo ẹyẹ yín," ni Bísí wí. "Ẹyẹ tí kò lè gun òkè."

Morónkẹ́ ti bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán. Ẹ̀rù sọ fún un pé kó gba apá ọ̀tún, níbi tí irin kò ti ní bá a bó bá fọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e gba apá òsì, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ti sún mọ́ ọn jù.

"Pa á."

"Màmá, ó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta lórí òkè yìí, bí mo bá pa á báyìí..."

Ó na ọwọ́ kọjá apá rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo òkè náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀," ló wí. Ìgbà náà ló tó jókòó sórí koríko.

Ó sọ fún un. Ó sọ nípa irin dídà, ó sọ ohun tó rí nílẹ̀ láàárọ̀. Akínwùmí gbọ́ ọ tán.

"Ẹ ò rí i lánàá?"

"Mi ò wò ó lánàá. Nílé bàbá mi, a kì í wò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Akínwùmí wo òkè, ó wo Bísí, ó wo ilẹ̀. "Mo parọ́ fún yín," ló wí. "Kì í ṣe òun ló bá máṣíìnì wá. Mo rà á ní Adó lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ti àkọ́kọ́ bà jẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ, ẹ ò ní gé e."

Wọ́n jọ tú ìdérí. Morónkẹ́ fa mágínẹ́ẹ̀tì náà yọ nígbà tó ṣì gbóná, ó fi etí gèlè gbá a mú, ó gbé e lé òkúta ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì fún Akínwùmí ní òòlù. "Lù ú. Má lù ú le."

Kò lù ú le. Irin náà ṣe pà, ó sì di mẹ́ta. Ọ̀kan yí lọ sínú kòtò.

Bísí rọra kó ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì jọ. Akínwùmí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Morónkẹ́, ó sì fi ọwọ́ bo ojúgun òsì rẹ̀.

"Ẹ ti kọ̀ fún mi," ló wí. "Mo ti ń lọ. Kí ló dé tí ẹ pè mí padà?"

"Nítorí Bùkọ́lá. Mo fẹ́ san án."

Ó yíjú sí i, ẹnu yà á. "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ òjò yẹn? Ẹ̀yin ṣì ń kà á?" Ó mi orí. "Màmá, mo gbé obìnrin tó ń rọbí. Ta ni kò ní gbé e? Bó bá jẹ́ torí ìyẹn ni ẹ ṣe fẹ́ gé mi lẹ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san án mọ́."

Alàgbà Ọláìtán gbé Bísí dé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Morónkẹ́ àti Akínwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í ti máṣíìnì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, Akínwùmí di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú, Morónkẹ́ wà lẹ́yìn, títí ọkọ̀ fi padà wá bá wọn.

Láti ọjọ́ náà, Morónkẹ́ ṣì ń fi màrìwò bo èérún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti bu díẹ̀ sọ́wọ́ tó sì wò ó ni. Bàbá rẹ̀ kò sí láyé tí yóò bá a wí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó wọkọ̀ lọ sí Adó, ó ra mágínẹ́ẹ̀tì tuntun, ó so ó rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù olùtà, ó kàn án, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó sanwó. Ó fi í ránṣẹ́ sí Erijiyan.

Ọjọ́ kẹta, Modúpẹ́ gbé e padà wá, nínú ọ̀rá tó wà tẹ́lẹ̀.

"Ó kí yín púpọ̀. Ó ní òun ti fi òmíràn sí i. Ó ní ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà."

Morónkẹ́ gba irin náà, ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìjókòó fún Modúpẹ́, ó bi í léèrè àwọn ọmọ, ó sìn ín dé ojú títì. Oore ọjọ́ òjò yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò tíì san án.